Ẹ má fọ́n lákà sára gìtá báàsì nínú òjò

Ẹ̀yin ará wa olórin tó ń ta gìtá báàsì ní Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá fẹ́ kun ara gìtá rẹ̀ lọ́tun nílé, kó jẹ́ kí òjò dá ná. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, lákà, ìyẹn ọ̀dà tó ń mú ara gìtá dán, máa ń di funfun. Ọyẹ́ sàn díẹ̀, àfi eruku rẹ̀!

Ẹ ya fọ́tò wáyà inú gìtá kí ẹ tó tú u. Sáńpépà nọ́ńbà 120 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara gìtá, lẹ́yìn náà 220, 320. Ẹ bo imú. Ihò tí ọrùn gìtá ń wọ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí: ẹ fi téèpù bò ó, torí ọ̀dà tó bá wọbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọrùn jókòó dáadáa mọ́. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ máa fọ́n ọn, kó gbẹ kí ẹ tó tún un fọ́n.