Yíyan Skánà Ọkọ̀ fún Lílò Nílé: Ọkọ̀ Yín Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ẹni tó bá fẹ́ ra skánà tí yóò máa fi yẹ ọkọ̀ ara rẹ̀ wò nílé ní Àbújá níbí, kì í ṣe ọjà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ni ó ní láti mọ̀ dájú, ìyẹn ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe é fún, nítorí pé àwọn méjèèjì yìí ni yóò sọ bóyá skánà tí wọ́n ń tà káàkiri yóò rí nǹkan kà nínú rẹ̀ tàbí kò ní rí ohunkóhun.

Ní Amẹ́ríkà, láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin ti mú un ní dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ètò àyẹ̀wò kan náà tí a mọ̀ sí OBD-II, pẹ̀lú ihò kan náà tó ní ojú mẹ́rìndínlógún, tó sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú orúnkún awakọ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ oníbẹntiróòlù ní ọdún 2001, ó sì di ọdún 2004 kí ó tó kan àwọn onídísẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyí tí Camry tàbí Corolla ọdún 1999 tó ti Amẹ́ríkà dé fi máa ń dá skánà olówó pọ́ọ́kú lóhùn láìsí wàhálà, nígbà tí tòkúnbọ̀ ọdún kan náà tó gba Bẹ́ljíọ̀mù wọlé lè má dáhùn rárá.

Golf 3 ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù, nítorí pé àwọn awakọ̀ kábúkábú fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ ní Kàdúná, ní Àbújá àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ihò olójú mẹ́rìndínlógún yẹn, èyí tó máa ń mú kí ẹni tó ni ín rò pé skánà èyíkéyìí yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tí Volkswagen ṣe fún ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní KWP1281, ni kọ̀ǹpútà inú ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ń lò. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ Volkswagen, bíi VCDS tí a ń lò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, ni yóò kà á. Ní ti Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ tó ṣì ń rìn kiri, kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀ tí skánà yóò kà, ẹ má ná owó yín sí i.

Láti mọ ibi tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yín fún, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá bébà ìsọfúnni nípa èéfín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Bí ẹ bá rí OBD II lára rẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀. Àwọn kan máa ń wo nọ́mbà ṣáàsì, níbi tí 1, 4 tàbí 5 níbẹ̀rẹ̀ ti ń tọ́ka sí Amẹ́ríkà, J sí Jàpáànù, W sí Jámánì. Ó wúlò díẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ ni ó ń sọ, kì í sọ ibi tí wọ́n ṣe é fún, nítorí náà Toyota tí nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Amẹ́ríkà. Bébà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Nígbà tí èyí bá ti yé yín, ẹ lè wá ronú nípa skánà fúnra rẹ̀. Èyí tó kéré jù lówó ni èyí tí a ń ki bọ ihò náà, tí yóò sì máa fi Bluetooth tàbí Wi-Fi gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí fóònù. ELM327 ni wọ́n ń kọ sára púpọ̀ nínú wọn. Ilé iṣẹ́ Elm Electronics ní Kánádà ni ó ṣe ojúlówó ẹ̀rọ inú rẹ̀, ó sì ti ṣíwọ́ iṣẹ́ láti ọdún 2022, nítorí náà ẹ̀dà tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ni ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ óò rí lọ́jà. Ẹ̀dà kì í ṣe ohun burúkú bó bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn kò mọ gbogbo ìlànà tí ọkọ̀ àtijọ́ ń lò, pàápàá èyí tí Ford àti Chevrolet Amẹ́ríkà lò kí ó tó di ọdún 2008 tí gbogbo ọkọ̀ tuntun níbẹ̀ bọ́ sórí ìlànà CAN. Bí wọ́n bá kọ v1.5 sára èyí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ mọ̀ pé Elm Electronics kò ṣe irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ń lo iPhone gbọ́dọ̀ ṣọ́ra sí i, nítorí pé skánà tó ń lo Bluetooth àtijọ́ kì í bá iPhone ṣiṣẹ́. Èyí tó ń lo Wi-Fi tàbí Bluetooth LE ni kí ó béèrè fún. Torque wà fún àwọn tó ń lo Android, Car Scanner sì wà fún àwọn méjèèjì.

Irú kejì ni èyí tó ní ojú tirẹ̀ tí a ń mú lọ́wọ́, tí Autel, Launch, Foxwell, Ancel àti àwọn mìíràn ń ṣe. Ihò ọkọ̀ náà ni ó ti ń gba iná, kò nílò fóònù tàbí dátà. Òun ni mo máa ń gbà níyànjú fún ilé tí ènìyàn tó ju ẹyọ kan lọ ti ń wakọ̀, àti fún àwọn àgbà tí kò fẹ́ máa wá ohun tí wọn yóò tẹ̀ lójú fóònù. Ó tún wúlò fún ẹni tó ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà lọ sílé lọ́dún, nítorí pé bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn láàárín Àbájí àti Kotonkarfe, kò dára kó jẹ́ pé bátìrì fóònù tó ti kú ni yóò dí i lọ́wọ́. Irú kẹta, èyí tó dà bíi tábúlẹ́ẹ̀tì tí ó lè pàṣẹ fún fáànù tàbí pọ́ǹpù epo pé kí ó ṣiṣẹ́, oníṣẹ́ ọwọ́ ló wà fún.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó ń ka kọ́ọ̀dù nìkan fún yín, ìyẹn àmì àṣìṣe bíi P0171 tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń kọ sílẹ̀. Ohun tí a ń pè ní live data, ìyẹn kí skánà máa fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ni ó sọ ohun èlò yìí di ohun tó yẹ kó wà nílé. Kọ́ọ̀dù kì í sọ ohun tó bàjẹ́. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni ó ń sọ, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó bá fi kọ́ọ̀dù nìkan ra ẹ̀yà ọkọ̀ ra ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ wo P0171, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ tó ń bá epo pò nínú ẹ́ńjìnnì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní àkókò ọyẹ́, tí eruku bá bo gbogbo Àríwá, fílítà afẹ́fẹ́ tó ya tàbí tí kò jókòó dáadáa lè jẹ́ kí eruku dé ara sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn afẹ́fẹ́. Ohun tí ẹ óò wò ni fuel trim, ìyẹn bí epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún tàbí tó ń dín kù ṣe pọ̀ tó, tó yẹ kó wà láàárín -10 àti +10 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ga nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láì tẹ epo, tó sì ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé nínú rọ́bà. Bí ó bá ń burú sí i bí ẹ ṣe ń sáré, MAF tàbí ọ̀nà tí epo ń gbà wá ni kí ẹ fura sí. Skánà tí kò ní live data kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín.

P0128 náà wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí àṣà kan tó gbilẹ̀: nítorí ooru, àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ thermostat, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, kúrò pátápátá, wọn a ní kí ẹ́ńjìnnì má bàa gbóná jù. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wá rí i pé ẹ́ńjìnnì kò tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, á máa fi epo kún un, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì máa ṣe kàyéfì nípa owó bẹntiróòlù. Ẹ ṣí ibi ooru omi lójú skánà lẹ́yìn ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá dé nǹkan bí 80°C, ẹ béèrè bóyá thermostat ṣì wà níbẹ̀. Ní ti P0420, tó ń sọ pé catalyst tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín kò ṣiṣẹ́ tó, ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀, nítorí pé àwọn kan máa ń gé catalyst tà nítorí irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀.

ABS, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, àti àpò afẹ́fẹ́ ìdáàbòbò tí wọ́n ń pè ní airbag kò sí lára ohun tí òfin OBD-II mú ní dandan, nítorí náà bí iná ABS ló ń dà yín láàmú, ẹ rí i dájú pé wọ́n dárúkọ irú ọkọ̀ yín nínú ìwé skánà náà kí ẹ tó sanwó.

Ẹ gbé ọkọ̀ lọ nígbà tí ẹ bá ń lọ rà á, ì báà jẹ́ ní Wuse, ní àgbègbè mẹkáníìkì ní Apo tàbí ní Zuba. Ẹ ki í bọ ihò, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wò ó bóyá ó so pọ̀ mọ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣáná, kí ẹ sì wo ìyípo ẹ́ńjìnnì, ooru omi, fuel trim àti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Ẹ tún béèrè ibi tí freeze frame wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà ní àkókò gan-an tí kọ́ọ̀dù wọlé, àti ibi tí readiness wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ bóyá àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Oníṣòwò tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò lára ọkọ̀ yín, ẹ kí i, kí ẹ sì kọjá lọ.

Readiness yẹn wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ ra tòkúnbọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kọ́ọ̀dù rẹ́, tàbí tí wọ́n tú orí bátìrì, ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ á padà sí ìbẹ̀rẹ̀, skánà á sì sọ pé wọn kò tíì parí. Bí iná ẹ́ńjìnnì kò bá tàn, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò kò tíì parí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n pa rẹ́. Lára àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 2010, kọ́ọ̀dù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní permanent, tí skánà kankan kò lè pa rẹ́ títí ọkọ̀ fi máa rí i pé àtúnṣe ti wáyé. Ẹ wá skánà tó lè ka irú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti rà á, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ihò lóru, nítorí pé ó lè fa bátìrì gbẹ bí ọkọ̀ bá dúró fún ọjọ́ púpọ̀. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń gbọ̀n, ẹ má sáré mọ́. Ó sábà máa ń jẹ́ pé pulọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì kan kò ṣiṣẹ́, epo tí kò jó sì ń ba catalyst jẹ́. Bí iná náà bá tàn láì ṣẹ́jú, ẹ kọ kọ́ọ̀dù àti freeze frame rẹ̀ sínú ìwé tàbí kí ẹ fi fóònù ya á, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pa á rẹ́. Ìwé yẹn ni kí ẹ mú lọ bá mẹkáníìkì tàbí rewáyà, nítorí pé bí kọ́ọ̀dù náà bá padà wá, ìyípo ẹ́ńjìnnì àti ooru tó wà nígbà àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́ kí ó mọ ipò tí òun yóò fi ọkọ̀ sí kí àìsàn náà lè tún fara hàn lójú rẹ̀.