Kí ọmọ mọ iye láìkà á

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin ìyá wa n'Ílọrin. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ kí ọmọ ọdún 3 máa fi ìka tọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó mọ iye rẹ̀. Ẹ da ọmọ ayò 2 tàbí 3 sínú àwo, ẹ fi ìdérí bò ó. Ẹ ṣí i fìrí, ẹ tún bò ó, kẹ́ ẹ wá bi í pé, "Mélòó lo rí?" Bó bá ṣì í, ẹ má jágbe mọ́ ọn o, ẹ ṣí i kó wò ó dáadáa. Ẹ máa yí bẹ́ ẹ ṣe tò wọ́n padà, torí ọmọ lè há àwòrán kan ṣoṣo sórí. Ẹ lè fi ègé wàrà inú ọbẹ̀ ṣe eré yìí náà. Ẹ má tíì kọjá 4, àwa àgbà pàápàá sábà máa ń kà á tó bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ kó ọmọ ayò náà kúrò nílẹ̀, kó má lọ tì í símú.