Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Wọn Ìrìn Ọmọ Tí Wọ́n Ṣiṣẹ́ Abẹ Ọkàn Fún

Iṣẹ́ physiotherapy ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Ohun tí àwọn òbí máa ń bi mí jù ni pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ṣáà ti dí ihò ọkàn rẹ̀, kí ló tún wá ń mí hẹlẹhẹlẹ sí?"

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀dọ̀fóró wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo ọmọ tó ní Tetralogy of Fallot: ọkàn rẹ̀ lu, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró sì há. Kí wọ́n tó lè tún un ṣe, àfi kí wọ́n la egungun àyà. Àyà tí wọ́n bá ti là, pàápàá tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kì í sábà fẹ̀ dáadáa mọ́ tí ọmọ bá mí sínú. Eegun ẹ̀yìn àwọn míì tún máa ń wọ́ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ò ní tó ti ẹgbẹ́ wọn. Ẹ wá fi "jókòó, má sáré" kún un (àwọn ìyá àgbà ló burú jù nínú èyí!), ẹsẹ̀ náà á wá di aláìlágbára.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu dókítà ọkàn. Ọmọ tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún kọ́ ni mò ń bá wí.

Ẹ máa wọn ìrìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ lè mọ bó ṣe ń rìn jìnnà tó. Lọ́sibítù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ 30 mítà la máa ń lò fún un. Nílé, 10 mítà tó: ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n níbi tó tẹ́jú, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí méjèèjì. Ẹ ṣètò fóònù sí ìṣẹ́jú 6. Kí ọmọ máa rìn lọ rìn bọ̀, kó yára bó bá ṣe lè yára tó, àmọ́ kó má sáré. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kó dúró. Aago ò ní dúró dè é. Ẹ má bá a rìn o, torí ẹsẹ̀ yín ni yóò máa tẹ̀ lé. Ẹ jókòó, kí ẹ máa fa ìlà kan fún ìlọ kọ̀ọ̀kan àti ìbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìlà 38, mítà 380 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú iye ìgbà tó dúró. Ẹ má fi wé ti ọsibítù, torí yíyí padà lemọ́lemọ́ máa ń jẹ nínú ìrìn. Ti oṣù tó kọjá ni kí ẹ fi wé. Àárọ̀ ni kó jẹ́, kí oòrùn tó mú, bàtà kan náà sì ni kó wọ̀.

Láàárín oṣù, kó máa rìn lọ́pọ̀ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá lè bá yín sọ̀rọ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin, ibi tí mo fẹ́ nìyẹn. Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ ní kó rọra.

Bí àyà bá ń dùn ún, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tàbí tí ètè rẹ̀ dà bí aró, ẹ dá a dúró, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ṣọ́ lílóṣòó náà. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ọmọ á lóṣòó fúnra rẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò yẹ kó tún máa ṣe é.

Bí mítà bá lọ sílẹ̀ lóṣù méjì léra wọn, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn ọkàn tó kọjú sí ẹ̀dọ̀fóró ló ń jò. Ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹ mú ìwé yẹn dání lọ bá dókítà.