Ẹni Tó Mutí Yó Tí Kò Jí Mọ́: Bẹ́ Ẹ Ṣe Lè Gba Ẹ̀mí Rẹ̀ Là

“Ẹ fi í sílẹ̀ kó sùn, ọtí á dá lójú rẹ̀.” Gbólóhùn yìí ti rán ọ̀dọ́ lọ sọ́run àrèmabọ̀. Lóde àríyá tàbí nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á gbé ẹni tó ṣubú sí yàrá, wọ́n á paná, wọ́n á padà sídìí orin. Ẹni tí wọ́n rò pé ó ń sùn yẹn, ọtí ṣì ń wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọtí tó wà nínú ikùn àti ìfun kì í dúró nítorí pé èèyàn ti gbé ife sílẹ̀. Ó lè tó 30 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn ife ìkẹyìn kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ tó ga dé góńgó. Nítorí náà, ẹni tó ṣì ń dáhùn ní aago 11 lè máà mí dáadáa mọ́ ní aago 12. Ọtí á kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò lójú, á mú ahọ́n wúwo, á gba ẹsẹ̀, á gba iyè, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni apá ọpọlọ tó ń darí èémí. Kó tó débẹ̀, ó ti jẹ́ kí ọ̀fun kú tipiri: bí èébì bá gòkè, ẹni náà kò ní lè wúkọ́ kó tú u dànù, ẹ̀dọ̀fóró ni èébì náà máa gbà lọ. Bó ṣe ń pa ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ nìyẹn.

Ìṣirò ọtí

Ojú lásán ń tan èèyàn. Ìgò bíà ńlá, 60 cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5%, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ojúlówó ọtí nínú. Ọtí inú ọ̀rá kan, 30 ml, tí agbára rẹ̀ tó 42%, ní gíráàmù 10. Ìgò pẹlẹbẹ 200 ml tó jẹ́ 40% ní gíráàmù 63. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ka gíráàmù 60 ní ìjókòó kan sí àmujù: bíà ńlá méjì àbọ̀ nìyẹn, tàbí ọ̀rá mẹ́fà. Bíà méjì àbọ̀ á kọ́kọ́ kún ikùn. Ọ̀rá mẹ́fà kò kún ikùn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti fà á tán, ìdí nìyẹn tí ọ̀rá fi léwu tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé àti ẹni tí ara rẹ̀ kò tóbi. Gíráàmù 7 sí 10 péré ni ẹ̀dọ̀ ń rí mú kúrò ní wákàtí kan, kò sì sóhun tó lè mú un yára.

Ògógóró àti páráàgà kò ṣeé ṣírò rárá, torí kò sí ẹni tó wọn agbára wọn. Bí Tramadol tàbí omi ikọ́ oní-codeine bá wọ̀ ọ́, ẹ gbàgbé gbogbo iye tó wà lókè yìí: oògùn àti ọtí jọ ń dẹ́kun apá ọpọlọ tó ń darí èémí ni, díẹ̀ lè pa èèyàn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe oorun

Ẹ pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan, ẹ gbọn èjìká rẹ̀, ẹ já a léèékánná níbi ẹran èjìká. Bí kò bá lajú tàbí fèsì, kì í ṣe oorun. Ẹ tan iná, ẹ wo àyà rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú aago fóònù, ẹ ka bó ṣe ń mí. Bí kò bá tó ìgbà 8, tàbí bí àlàfo àárín èémí méjì bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ gbéra. Lára èèyàn dúdú, ètè, èrìgì, èékánná àti àtẹ́lẹwọ́ ni kẹ́ ẹ wò: ṣé wọ́n ti ṣì bí eérú tàbí kí wọ́n máa dà bí aró? Kí ara tutù rinrin, kó máa bì láìjí, kí gìrì mú un, kó máa hanrun bí ẹni pé omi wà lọ́fun rẹ̀: ẹyọ kan nínú wọn ti tó. Ẹ má dúró de ìkejì.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe

Ẹ pe 112. L'Ékòó, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ kan bá wà nítòsí tó lè tètè délé ìwòsàn, ẹ má jókòó máa retí ọkọ̀ àwọn aláìsàn.

Lẹ́sẹ̀ kan náà, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tì í, ẹ na apá rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín síta. Ẹ mú ọwọ́ kejì, kí ẹ̀yìn ọwọ́ náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí yín, kẹ́ ẹ dì í mú síbẹ̀. Ẹ ká orúnkún ẹsẹ̀ tó jìnnà sókè, kẹ́ ẹ fi fà á yí sọ́dọ̀ yín. Ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹnu kọjú sílẹ̀, kí èébì lè ṣàn jáde. Bó ṣe máa wà nínú ọkọ̀ náà nìyẹn, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú. Ẹ bọ́ aṣọ tó tutù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ bò ó. Bí kò bá mí mọ́, ẹ yí i kó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànwọ́ á fi dé.

Epo pupa ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sá wá. Epo kò pa ọtí. Bó bá gba ọ̀nà òdì, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, á sì ba ibẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mílíìkì, omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi iyọ̀, àti títi ìka bọ ọ̀fun. Omi tútù ń dá kún òtútù tí ọtí ti dá sílẹ̀ lára. Kọfí ń la ojú nìkan, ọtí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má gbé e rìn káàkiri.

Ọtí tún máa ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀, pàápàá bí ọmọ náà kò bá jẹun. Bó bá jí dáadáa tó lè di ife mú fúnra rẹ̀, ẹ fún un ní ohun dídùn díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá jí, ẹ má fi nǹkan kan kàn án lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà: ohun tó mu, iye rẹ̀, ìgbà tó mu ún, oògùn tó lò. Ẹ mú ìgò náà dání. Ẹ̀rù pé ìyá rẹ̀ á gbọ́ ni kì í jẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ tètè gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá gbọ́ lónìí tí ọmọ ṣì wà láàyè.

Ọtí tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀

Mẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọtí olóró kan tí kì í ṣe fún mímu, yàtọ̀, ó sì burú jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Òǹdó, ojú àwọn tó mu ògógóró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ọ̀pọ̀ sì kú kíákíá. Àrùn àràmàǹdà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kí wọ́n tó mọ̀ pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni. Kò ṣeé fi òórùn, adùn tàbí àwọ̀ iná mọ̀. Ara ń sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ iṣan ojú. Ó máa ń tó wákàtí 12 sí 24 kó tó fojú hàn, nígbà tí onítọ̀hún ti rò pé òun ti bọ́: orí fífọ́, inú rírun, ojú tó ń ríran bí ẹni wà nínú kùrukùru, mímí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. Ilé ìwòsàn ní oògùn tó ń dá a dúró, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, àmọ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lọ ń mú ojú lọ. Ẹ wá gbogbo ẹni tó mu nínú ọtí kan náà, kẹ́ ẹ kó wọn lọ pọ̀, títí kan ẹni tó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan.