Ẹ̀fọ́rí Àárọ̀ Yẹn Lè Má Jẹ́ Ibà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Payín Lójú Oorun

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó wa ní Ondo, ẹ̀yin ìyá wa l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àsìkò kòkó ti dé, gbèsè ń lé èèyàn ká, a tún ti ń rí àwọn tó ń payín lójú oorun: wọ́n á jí, ẹ̀bátí méjèèjì á máa fọ́ wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á le gbagidi, wọ́n á ní ibà ni, ó di kẹ́mísì. Wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò o! Ẹnìkan lo oògùn ibà ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù 2, ìyàwó ẹ̀ ló wá sọ pé gbogbo òru ló ń payín keke bí eku tó rí èkùrọ́.

Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra oògùn ibà. Tí ò bá sí ibà, ẹ fi ìka síwájú etí, ẹ ya ẹnu, tó bá ń ta kó tó sì ń dùn yín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ká tọ́jú.

Parasitamọ́ọ̀ 500mg, 2 lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí 4 kẹ́ ẹ tó tún lò ó, kò gbọdọ̀ ju 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ń lò ó tó ọjọ́ 15 lóṣù, oògùn yẹn gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ lórí, èyí tí wọ́n po kaféènì mọ́, ọjọ́ 10 ti pọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má jẹ eegun, ìrèké, àgbàdo sísun. Obì ńkọ́? Òun ló ń bí mi nínú jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́, kaféènì inú ẹ̀ ò tún ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn dáadáa, ẹ̀ ń fi lé oorun lọ. Ẹ fi í sílẹ̀, ọtí alẹ́ àti sìgá náà. Ẹ má feyín ṣí ìgò mọ́, mo bẹ̀ yín.

Ẹ ki táwẹ́ẹ̀lì bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fún un, ẹ fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́sàn-án, ẹ pa ètè dé ṣùgbọ́n kí eyín má kanra, gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni kẹ́ ẹ rántí.

Ọmọdé tó ń payín, ẹ yé fún un ní oògùn aràn lójoojúmọ́, púpọ̀ wọn máa ń dàgbà kúrò nínú ẹ̀.

Tí ò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ẹ rí dókítà eyín, ó wà ní ilé ìwòsàn UNIMED, ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn Ondo, wọ́n lè wọn ẹnu yín kí wọ́n ṣe ohun tẹ́ ẹ máa fi bo eyín sùn. Ṣùgbọ́n tí ẹnu bá há tí ìka 2 ò wọlé, pàápàá tí àdá tàbí ìṣó ti gún yín láìpẹ́, tetanus, àrùn ojú ọgbẹ́ tó ń mú ẹnu há, lè ni, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ délé ìwòsàn.