Bí ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ṣe lè dé ìdí iṣẹ́ abẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin tẹ́ ẹ ti Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Kútọnu tàbí Parakou, ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yìí torí ó ń dùn mí gan-an. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọmọbìnrin àtọmọkùnrin ló ń nawọ́ pé iṣẹ́ abẹ làwọn fẹ́ ṣe, tí sítáàjì, ìyẹn ìgbà tá a fi ń kọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, bá fi máa parí, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ti wálẹ̀. Ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń sọ ohun tó jọra: àwọn ọmọbìnrin ò rí obìnrin bíi tiwọn níbẹ̀, wọ́n ń ro ọ̀rọ̀ ọkọ àtọmọ, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà bá wọn sọ̀rọ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ ń lé wọn sá. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ò wù wọ́n mọ́.

Ẹ tètè mú abẹ́rẹ́ dání, ẹ má dúró de sítáàjì. Ra ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lọ́jà Wàndó, la awọ ẹ̀, kó o máa rán an. Tí ò bá sówó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń ṣe é, tí okùn bá ti ya èèpo, o ti fà á jù nìyẹn. Okùn bàtà ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga, mò ń ta á lọ́wọ́ ọ̀tún, mò ń ta á lọ́wọ́ òsì, títí mi ò fi nílò àtiwò ó mọ́.

Lọ́jọ́ tó o bá máa wọlé, jẹun, bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́, gé èékánná. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Mọ sáìsì ẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, 6 tàbí 6½ ló bá wa mu, tó bá jẹ́ 7½ àti 8 nìkan ló wà nílẹ̀, orí ìbọ̀wọ́ á máa ká, kókó á máa yọ̀, wọ́n á sì ní ọwọ́ obìnrin ni ò dáa. Torí náà bá nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó irinṣẹ́ sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ kí wọn dáadáa, kí wọ́n bá ẹ fi tìẹ pa mọ́. Béèrè àpótí tó o máa gùn kó o tó fọwọ́, torí tó o bá ti fọwọ́ tán o ò lè kan nǹkan kan mọ́. Tójú bá ń ṣú ẹ, wí i, sún sẹ́yìn, jókòó sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń dákú.

Ọ̀gá kan sọ fún mi rí pé obìnrin ò lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ní kí n lọ máa kọ fáìlì. Mo lọ, mo sunkún níbi tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ohun kan pàtó lèèyàn ń tọrọ: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rán awọ òkè yìí?" Àwọn ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wa ń béèrè láìtijú, wọ́n sì ń rí i gbà. Tó bá di pé ẹnì kan fọwọ́ kàn ẹ́ lọ́nà tí kò tọ́, kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, mú ẹnì kan dání lọ fẹjọ́ sùn.

Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2023 láti Ontario ní Káńádà, lórí aláìsàn tó lé ní mílíọ̀nù 1. Láàárín ọjọ́ 90 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 13.9% àwọn tí ọkùnrin ṣe fún ló kó sí wàhálà, ti obìnrin jẹ́ 12.5%. Há a sórí.

Nílé, má fi iye ọdún pa mọ́ fún wọn: 7 kó o tó di dókítà, 4 tàbí 5 míì lórí ẹ̀. Tí màmá bá ní ta ló máa fẹ́ ẹ, bẹ̀rẹ̀ látorí sẹ́sáríènì, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí, èyí tí ìjọba Benin sọ di ọ̀fẹ́ lọ́dún 2009, gbogbo ìyá ló mọ ẹni tí wọ́n ti ṣe é fún. Lẹ́yìn náà wá obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ yìí, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìlú míì ló wà, kó o bi í léèrè pé ta ló ń gbọ́mọ wọn lálẹ́ tí wọ́n bá ń ṣe gáàdì, ìyẹn iṣẹ́ òru.