Bí a ṣe ń mú commit tó ba driver nẹ́tíwọ̀kì jẹ́ nínú kernel Linux

Lánàá, nẹ́tíwọ̀kì yín ń ṣiṣẹ́ geere. Lálẹ́, kọ̀ǹpútà gba update, kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí gbogbo ohun inú kọ̀ǹpútà, sì wọlé. Láàárọ̀ yìí, bí ẹ bá ti ń gbé fáìlì ńlá, nẹ́tíwọ̀kì á kú fin-ín, á padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, á tún kú. Àwọn tó ń kọ Linux kì í fi irú ìfàsẹ́yìn báyìí ṣeré. Òfin tí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fi lélẹ̀ ni pé ohun tó bá ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń lò ó kò gbọdọ̀ tìtorí kernel tuntun bàjẹ́. Ẹ̀yin náà lòfin ọ̀hún wà fún, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kó ẹ̀rí wá: commit, ìyẹn àtúnṣe kan ṣoṣo nínú kóòdù kernel, tó ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀rí náà kò sì ní kí ẹ gbọ́ èdè C. Sùúrù ló gbà, àti àyè lórí díìsìkì, àti iná tí wọn ò ní mú lọ láàárín iṣẹ́.

Káàdì Realtek tó ń lo driver r8169 (driver ni ètò tí kernel fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀) ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó kún inú kọ̀ǹpútà káàkiri. Ká sì sọ pé 6.7 ń ṣiṣẹ́ dáadáa, 6.8 ló ń da nǹkan rú.

Ṣé kernel ló jẹ̀bi lóòótọ́?

Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Bí GRUB, ojú ibi tí a ti ń yan kernel, bá yọjú, ẹ wọ "Advanced options", kí ẹ mú kernel ti tẹ́lẹ̀. Wáyà kan náà, ojú ihò kan náà lára router, fáìlì kan náà. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá tún kú lábẹ́ kernel àtijọ́, ẹ fi kernel sílẹ̀, kí ẹ yẹ wáyà àti router wò. Ẹ wo linux-firmware náà (àkójọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú káàdì fúnra rẹ̀), torí update kan náà lè ti gbé firmware tuntun wọlé fún káàdì, ẹ̀yin á sì máa bá ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ jà. Kernel nìkan ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀ láàárín ìgbà tó dára àti ìgbà tí kò dára.

Kété tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, kí àléébù tó ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ èyí:

cat /proc/sys/kernel/tainted

Bó bá jẹ́ 0, kò sí wàhálà. Bí nọ́ńbà míì bá jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé module (ètò tí kernel ń gbé wọlé) tí kì í ṣe ti kernel, bíi ti NVIDIA tàbí VirtualBox, ti wọlé. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ, torí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín nìyẹn.

Ẹ mọ káàdì yín, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó ń sọ

lspci -nnk
ethtool -i enp2s0

Enp2s0 ni orúkọ káàdì nínú àpẹẹrẹ yìí. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ àkọ́kọ́ á fi nọ́ńbà bíi 10ec:8168 hàn, pẹ̀lú "Kernel driver in use: r8169". Èyí kò tíì tó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà chip ló wà lábẹ́ r8169, àléébù kan sì lè mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ẹ wá ìlà r8169 nínú dmesg, àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ: ẹ máa rí nǹkan bíi "RTL8168h/8111h" àti "XID 541". XID yẹn ló sọ irú chip tó jẹ́ gan-an. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wá tọ́jú àkọsílẹ̀ kernel méjèèjì. Bó bá jẹ́ 6.7 lẹ tàn gbẹ̀yìn kí ẹ tó tan 6.8, àṣẹ rẹ̀ nìyí:

journalctl -k -b -1 > dara.txt
journalctl -k -b 0 > buru.txt

Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ kà wọ́n. Nínú èyí tó burú, gbólóhùn tó sábà máa ń jáde ni èyí tó ní "NETDEV WATCHDOG" àti "transmit queue 0 timed out" nínú. Ohun tó ń sọ ni pé driver ti kó ìsọfúnni fún káàdì kó fi ránṣẹ́, kernel dúró dúró, káàdì kò sì dáhùn pé òun ti rán an. Kò sọ ìdí tí káàdì fi dákẹ́.

Ẹ lè dán nǹkan méjì wò kíá. Àkọ́kọ́, ẹ gba iṣẹ́ tí káàdì ń bá kernel ṣe lọ́wọ́ rẹ̀:

sudo ethtool -K enp2s0 tso off gso off gro off

Èkejì, ẹ fi pcie_aspm=off kún ìlà kernel nínú GRUB, kí kernel má bàa fọwọ́ kan ètò ASPM, èyí tó ń jẹ́ kí ìsopọ̀ PCIe máa sùn láti fi dín iná tó ń jẹ kù. ASPM yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ fún r8169 ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá mú kó ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé ó ti parí. Ibi tó yẹ ká máa wò lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ìdánwò tí kò ní purọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀, ibí náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Kernel púpọ̀ lẹ máa dán wò, ẹ sì máa ṣèdájọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: dára tàbí kò dára. Bí ẹ bá ti rí i tí nẹ́tíwọ̀kì kú, ìdájọ́ "kò dára" kò ní iyèméjì. "Dára" ni kí ẹ máa bẹ̀rù, torí ó lè jẹ́ pé ẹ kò dúró pẹ́ tó ni. Bí ẹ bá ṣì kernel kan pè ní "dára", gbogbo wíwá tó kù á gba ọ̀nà ibòmíì lọ, orúkọ commit tí kò mọ nǹkan kan lẹ máa rí níkẹyìn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí àléébù tó yọ lórí 6.8. Bó bá ń yọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kí ìdánwò yín jẹ́. Iperf3, ètò tó ń rọ́ dátà gba inú nẹ́tíwọ̀kì, tó fún un. Ẹ ṣí "iperf3 -s" lórí kọ̀ǹpútà kejì, kí ẹ wá tẹ èyí lórí tiyín:

iperf3 -c 192.168.1.20 -t 1800

Ẹ ṣe é lọ, kí ẹ tún fi -R sí i ṣe é bọ̀, torí àléébù míì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí káàdì bá ń gba nǹkan wọlé nìkan ló máa ń yọ. Ẹ máa fi "dmesg -w" ṣọ́ ọ nínú fèrèsé kejì.

Bí a ṣe ń kọ́ kernel

Kernel tí distro (irú Linux tí ẹ ń lò, bíi Ubuntu) fún yín ti ní àtúnṣe tiwọn nínú, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ fi git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, lọ sídìí orísun:

git clone --shallow-exclude=v6.6 https://git.kernel.org/pub/scm/linux/kernel/git/torvalds/linux.git

Gígé tí a gé ìtàn àtijọ́ kúrò níbẹ̀ máa gba dátà yín là gan-an. Bí nẹ́tíwọ̀kì wáyà bá kọ̀, ẹ so fóònù mọ́ USB. Driver ọ̀tọ̀ nìyẹn ń lò. Lẹ́yìn náà, nígbà tí 6.7 ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ wọ inú àpò linux:

cp /boot/config-$(uname -r) .config
make olddefconfig
make localmodconfig
make -j$(nproc)
sudo make modules_install install

Àṣẹ localmodconfig á ju gbogbo driver tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lákòókò yẹn nù, kíkọ́ á sì yá gan-an. Ẹ so gbogbo ohun tí ẹ ń lò mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, fóònù orí USB náà kò gbẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa tan kernel tí kò mọ̀ wọ́n rí. Lórí Ubuntu, ó lè dúró pẹ̀lú ẹ̀sùn pé kò rí canonical-certs.pem. Ẹ sọ SYSTEM_TRUSTED_KEYS àti SYSTEM_REVOCATION_KEYS di òfìfo nínú .config, á sì kọjá. Bí Secure Boot bá wà ní títàn, ẹ pa á, torí kò ní gbà fún kernel tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ 6.7 àti 6.8 bẹ́ẹ̀ (ẹ tẹ "git checkout v6.7" tàbí "git checkout v6.8" kí ẹ tó kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan), kí ẹ rí i pé ọ̀kan dára, èkejì kò dára. Ẹ tún kọ́ èyí tó jáde kẹ́yìn pátápátá. Bí àléébù kò bá sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti tún un ṣe, ẹ lè sinmi.

Gígé e sí méjì-méjì

git bisect start
git bisect bad v6.8
git bisect good v6.7

Commit tó wà láàárín ẹ̀yà méjèèjì lé ní 10,000. Git á mú yín lọ sí àárín gbùngbùn, ẹ̀yin á kọ́ kernel ibẹ̀, ẹ máa tàn án, ẹ máa dán an wò, kí ẹ wá dá a lóhùn pẹ̀lú "git bisect good" tàbí "git bisect bad". Nǹkan bí ìgbà 14 ló máa gbà kó tó ku ẹyọ kan. Ẹ tẹ "uname -r" nígbàkúùgbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, kó má lọ jẹ́ pé kernel ti àná ni GRUB tún gbé dìde. Èyí tí kò bá ṣeé kọ́, tàbí tó kú fún ìdí míì, "git bisect skip" ni tirẹ̀. Ẹ má ṣe méfò rárá.

Ẹlòmíì á fẹ́ kó yá, á fi "-- drivers/net/ethernet/realtek" sẹ́yìn start kí git má wo ibòmíì. Èmi kì í fara mọ́ ọn. Ní 2008, nígbà tí wọ́n ń dán 2.6.27 wò, káàdì Intel tó ń lo e1000e bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ débi pé ohun tó wà nínú NVM wọn, níbi tí káàdì ń tọ́jú ètò tirẹ̀ sí, dàrú. Driver e1000e ni gbogbo èèyàn ń fura sí. Àṣé ftrace ni, ẹ̀ka tó ń tọpa iṣẹ́ inú kernel: ó ń kọ nǹkan sí ibi ìrántí tí kernel ti tú sílẹ̀, ibẹ̀ sì ti di ti káàdì. Ẹni tó bá wá a nínú àpò e1000e nìkan kò lè rí i láéláé.

Nígbà tí git bá sọ pé "is the first bad commit", ẹ tọ́jú èsì "git bisect log", kí ẹ tẹ "git bisect reset". Ẹ padà sórí 6.8, kí ẹ fi "git revert" yọ commit yẹn, kí ẹ tún kernel kọ́. Bí àléébù bá lọ, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pe ọ̀kan ní "dára" láìtọ́ níbì kan.

Fífi tó wọn létí

scripts/get_maintainer.pl -f drivers/net/ethernet/realtek/r8169_main.c

Àṣẹ yìí á kó àdírẹ́sì àwọn tó ń mójú tó driver jáde. Bí commit bá wá láti ibòmíì, ẹ lo fáìlì ibẹ̀. Ẹ fi ẹni tó kọ commit kún un, àti regressions@lists.linux.dev. Ẹ fi [REGRESSION] ṣáájú àkòrí, ẹ kọ lẹ́tà náà ní ọ̀rọ̀ lásán láìsí HTML, kí ẹ sì fi ìlà "#regzbot introduced:" pẹ̀lú nọ́ńbà commit sí i, kí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìfàsẹ́yìn lè mú un. XID, dmesg, ìdánwò tí ẹ lò, èsì revert: gbogbo rẹ̀ ni kó wà níbẹ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni.

Wọ́n lè fi patch, ìyẹn fáìlì tó gbé àtúnṣe kóòdù dání, ránṣẹ́ padà kí ẹ dán an wò. Ẹ fi "git am" gbé e wọlé, ìdánwò ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn náà ni kí ẹ tún ṣe, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ fún wọn. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ lè fún wọn ní "Tested-by:" pẹ̀lú orúkọ yín. Bí wọ́n bá fi sí kernel stable, distro yín á gbé e wọlé fún yín. Kó tó dìgbà yẹn, 6.7 ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì lọ pa gbogbo kernel ìdánwò tó kún inú /boot àti /lib/modules rẹ́, torí bí /boot bá ti kún, update tó ń bọ̀ kò ní rí ibi wọlé.